Ẹ Jẹ́ Kí Ìdí Ìbọn Àtijọ́ Wà Bí A Ṣe Bá A

Sí Olóòtú ìwé ìròyìn,

Mo kí ẹ̀yin olóòtú àti gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìforítì lórí èdè wa. Mo kọ ìwé yìí nítorí àwòrán kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí láti ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí a ti rí káfíńtà kan tó gbé ohun èlò onígi kan lọ́wọ́, tó ti fi ìfági àti sáńpépà bó o títí ara rẹ̀ fi mọ́ lóló, tó sì ti kùn ún ní fánííṣì. Ohun tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán náà ni pé àpótí ìbọn àtijọ́ ni, pé baba ńlá ìdílé tó ni ín ló mú un bọ̀ láti ogun Kámẹ́rúùnù, pé wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀, àti pé ọwọ́ oníṣẹ́ náà dára. Ọwọ́ rẹ̀ dára lóòótọ́. Iṣẹ́ igi ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ iṣẹ́ tó mọ́ nígbà tí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe àpótí lásán, ohun tí ó sì fi fáìlì àti sáńpépà mú kúrò lára rẹ̀ kò ṣeé dá padà mọ́.

Ìdí ìbọn ni. Lára ìbọn gígùn tí àwọn ọdẹ wa ń gbé, ìdí ìbọn kì í kúrò. Igi tí a gbẹ́ mọ́ ọ̀pá irin ni, òun ni ọdẹ sì ń gbé ti èjìká. Ìbọn ìléwọ́ kì í sábà ní irú rẹ̀, nítorí pé èkù rẹ̀ nìkan ni a fi ń dì í mú. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1850 títí di ìgbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ṣe ìbọn ìléwọ́ fún ogun, wọ́n sì ṣe ìdí onígi sí i lọ́tọ̀, èyí tí jagunjagun lè fi mọ́ ọn nígbà tí ohun tó fẹ́ ta bá jìnnà, tí yóò sì yọ ọ́ kúrò nígbà tí kò bá nílò rẹ̀. Èyí tí a rí nínú àwòrán yín jẹ́ ti ìbọn Mauser tí wọ́n ń pè ní C96. Ìrísí rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀: igi tó sanra lápá kan tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kejì, tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ dòfìfo, tó ní ọmọrí níbi tó ti sanra, tó sì ní irin kékeré níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Inú igi yẹn gan-an ni wọ́n ń ti ìbọn bọ̀. Àpò ìbọn ni nígbà tí jagunjagun bá ń rìn. Nígbà tí ó bá yọ ìbọn jáde, irin kékeré yẹn ni yóò wọ ojú ihò tó wà lẹ́yìn èkù, àpò yóò sì di ìdí.

Ìlú Oberndorf ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ṣe ìbọn yìí. Ọmọ ìyá mẹ́ta tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Feederle, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Mauser, ló ro bí yóò ṣe rí. Ní 1896 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde, kò sì dáwọ́ dúró títí di 1937, nígbà tí iye rẹ̀ ti tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Irin ìfojúsùn tó wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àmì tó dé 1,000 mítà. Kò sí ẹni tó lè fi ìbọn kékeré bẹ́ẹ̀ ta ohun tó jìnnà tó yẹn kó sì bà á, ṣùgbọ́n àmì náà jẹ́rìí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn tó ṣe é ti ní i lọ́kàn pé ìdí onígi yóò máa bá a rìn. Nígbà tí àwọn ìjọba ńláńlá fohùn ṣọ̀kan ní 1919 pé àwọn kò ní ta ohun ìjà fún ilẹ̀ Ṣáínà mọ́, ìbọn ìléwọ́ rí ọ̀nà gbà wọlé níbi tí ìbọn gígùn ti há, àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ sì ń fi Mauser olídìí onígi dípò ìbọn gígùn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́hùn-ún wá láti ara àpótí igi rẹ̀.

Kì í ṣe Mauser nìkan ló ní irú ìdí yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá rí èyí tí kò jọ ti inú àwòrán yín kà á sí igi lásán. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe tiwọn ṣáájú. Ní ilé iṣẹ́ ìjọba wọn ní Springfield, wọ́n ṣe ìbọn ìléwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní ti 1855, iye rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 4,000. Àwọn ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ṣe é fún: ìbọn yóò wà nínú àpò kan níwájú gàárì, ìdí rẹ̀ yóò wà nínú àpò kejì, ẹni tó bá sì bọ́ sílẹ̀ lórí ẹṣin láti fi ẹsẹ̀ jà yóò so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá mọ ipò tí ẹṣin dì mú nínú ogun àwọn Ọ̀yọ́ àtijọ́ yóò tètè rí ìdí tí wọ́n fi ro irú èrò bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò rọrùn láti gbé ìbọn gígùn kí a tún máa darí ẹṣin. Ilé iṣẹ́ Colt ní Amẹ́ríkà náà ṣe ìdí fún ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ ti 1860, wọ́n tilẹ̀ gbẹ́ inú àwọn kan nínú ìdí náà, wọ́n sì gbé agolo omi mímu sínú wọn.

Lẹ́yìn náà ni ti Luger, ìbọn ìléwọ́ mìíràn, dé ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn gba tiwọn ní 1904. Ní 1913, wọ́n fọwọ́ sí èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó 200 mìlímítà fún àwọn tó ń yin àgbá, nítorí pé ọwọ́ àwọn wọ̀nyí kì í dilẹ̀ lẹ́yìn àgbá láti tún gbé ìbọn gígùn. Ìdí ti Luger kì í ṣe àpótí oníhò bíi ti Mauser. Pákó pẹlẹbẹ ni, awọ tí ìbọn ń wọ̀ sì wà lára pákó náà. Ní ìgbà ogun àgbáyé kejì, ilé iṣẹ́ Inglis ní ìlú Toronto ní Kánádà ṣe ìbọn ìléwọ́ Browning fún ilẹ̀ Ṣáínà, ìdí rẹ̀ sì padà sí irú àpótí oníhò. Mo mẹ́nu kan gbogbo ìwọ̀nyí kí àwọn tó ni irú rẹ̀ nílé, bóyá nínú àpótí baba wọn tàbí lókè àjà, lè fi ojú inú wò ó kí wọ́n tó gbé e fún káfíńtà.

Kí wá ni káfíńtà Ọ̀yọ́ náà bàjẹ́? Bí ó bá ṣe ti igi nìkan ni, ènìyàn yóò ní kò ba nǹkan kan jẹ́, pé ńṣe ló tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ojú irú igi yìí ni gbogbo ìtàn rẹ̀ wà. Lára irin iwájú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ máa ń tẹ nọ́ńbà sí, nọ́ńbà yẹn sì máa ń bá ti ìbọn tí wọ́n ṣe é fún mu. Lára igi fúnra rẹ̀, pàápàá ti èyí tí ìjọba rà fún ọmọ ogun, alábẹ̀wò a máa tẹ òǹtẹ̀ kékeré kan sí i láti fi hàn pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, òun sì ti gbà á. Òǹtẹ̀ wọ̀nyí kì í jinlẹ̀. Sáńpépà tó bá gba orí rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó láti pa á rẹ́. Nínú àwòrán yín, irin náà ti funfun, ojú fáìlì sì hàn lára rẹ̀ gbangba. Bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ìdílé náà gan-an ṣàlàyé ohun tí a pàdánù. Wọ́n ní láti ogun Kámẹ́rúùnù ni baba ńlá wọn ti mú un bọ̀. Ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1914, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọlu àwọn ará Jámánì tó ń ṣe ìjọba níbẹ̀, ó sì parí ní oṣù kejì ọdún 1916, nígbà tí àwọn tó gbẹ̀yìn nínú ọmọ ogun Jámánì jọ̀wọ́ ara wọn ní orí òkè Mora. Nọ́ńbà àwọn Mauser tó jáde fún títà máa ń tẹ̀léra wọn, débi pé ẹni tó mọ̀ ọ́n lè wo nọ́ńbà kí ó sì sọ nǹkan bí ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí nọ́ńbà ti ìdílé Ọ̀yọ́ náà bá ti tọ́ka sí 1910, ìtàn wọn rí àtìlẹ́yìn. Bí ó bá ti tọ́ka sí 1925, a jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni ohun náà gbà dé ilé wọn, a ó sì lọ wá ọ̀nà náà. Ọ̀tọ̀ sì tún ni èyí tí ìjọba Jámánì béèrè fún ní 1916, nígbà tí wọ́n ní kí Mauser ṣe 150,000 fún ọmọ ogun wọn, tí yóò máa lo ọta oní-9 mìlímítà tí Luger ń lò. Nọ́ńbà àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ 9 sí ara igi èkù wọn, wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún, kí ẹnikẹ́ni má baà ki ọta tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i.

Kì í sì í ṣe gbogbo Mauser ló ti ọwọ́ ará Jámánì wá. Àwọn oníṣòwò ìbọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tà á, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi owó ara wọn rà á. Winston Churchill, tó wá di olórí ìjọba ilẹ̀ náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, gbé ọ̀kan lọ sí ogun Omdurman ní Sùdáànù ní 1898, nítorí pé èjìká rẹ̀ tó ti yẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè fi idà jà bó ṣe fẹ́. Nítorí náà, ìdí ìbọn tó wà ní ilé kan ní Ọ̀yọ́ lè jẹ́ ti ọ̀gá ọmọ ogun Jámánì tí wọ́n mú ní Kámẹ́rúùnù, ó sì lè jẹ́ ti ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí baba ńlá wọn sìn. Ìtàn méjì tó yàtọ̀ pátápátá sí ara wọn ni. Àmì ara rẹ̀ ni ìbá yà wọ́n sọ́tọ̀, fáìlì sì ti jẹ ẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ó kàn wá nínú ohun ogun àwọn òyìnbó. Ó kàn wá púpọ̀. Ogun àwọn òyìnbó ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà jà ní Kámẹ́rúùnù, àwọn aláàárù tó ru ẹrù wọn gba inú igbó àti ẹrẹ̀ kọjá pọ̀ ju àwọn tó gbé ìbọn lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n sì tún kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ti kú ní Mahiwa ní oṣù kẹwàá ọdún 1917. Díẹ̀ nínú àwọn tó padà wálé ló mọ̀wé. Wọn kò kọ ìwé ìrántí kankan sílẹ̀ fún wa. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ nínú ẹrù wọn, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, wà lára ìwọ̀nba ẹ̀rí tó ṣẹ́ kù pé wọ́n lọ, àti pé wọ́n dé ibi tí wọ́n ní àwọn dé.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ìdílé kan tí mo bọ̀wọ̀ fún jẹ́ kí n wo irú ìdí Mauser bẹ́ẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ìbọn pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó rí ìbọn náà rí. Igi rẹ̀ ti dúdú nítorí òróró ọwọ́ àti èéfín, ọmọrí rẹ̀ kò pa dáadáa mọ́, awọ tó yẹ kó gbé e kọ́ lára ìgbànú ti jẹ dànù. Nígbà kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, igi náà là ní ẹ̀gbẹ́, alágbẹ̀dẹ kan sì fi okùn idẹ wé e yí ká, ó wé e ṣinṣin, ó sì lu orí okùn náà wọ inú igi kí ó má baà máa ha ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dán yóò tú okùn idẹ yẹn dànù lákọ̀ọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì gbà pé ibẹ̀ ló lẹ́wà jù lára rẹ̀, nítorí pé ó fi hàn pé ẹni tó ni ín kà á sí débi tó fi san owó iṣẹ́ lé e lórí. Nọ́ńbà ara irin rẹ̀ ṣì hàn, ó sì jẹ́ ti ìgbà tó ṣáájú 1914. Èyí kò fìdí ohun gbogbo múlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tako ohun tí àwọn àgbà ilé náà ń sọ, pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín bá wọn lọ sí Kámẹ́rúùnù.

Èmi kò ní ìbọn, n kò sì wá ọ̀nà láti ní in. Ohun tí mo ń kó jọ ni ìwé: mo máa ń fi pẹ́ńsù ya ìdí ìbọn bó ṣe rí gan-an, mo máa ń wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, mo máa ń da gbogbo àmì ara rẹ̀ kọ, mo sì máa ń kọ ohun tí àwọn ìdílé bá sọ nípa rẹ̀ láìfi tèmi kún un. Irú ìkójọ yìí wà ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì lòdì sí òfin kankan.

Ní àwọn ilẹ̀ tí òfin wọn gba ènìyàn láyè láti kó ohun náà gan-an jọ, ọ̀pọ̀ ló máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí ìdí ju kí wọ́n rí ìbọn lọ. Ìbọn ni àwọn jagunjagun ń fi pamọ́ bọ̀ láti ojú ogun. Igi ni wọ́n ń jù sílẹ̀, tàbí kí wọ́n fi dáná. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tó jáde ní 1934 tún yà wọ́n nípa, nítorí pé ìbọn ìléwọ́ tí a bá fi ìdí mọ́ di ìbọn gígùn tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú lójú òfin náà, ó sì di dandan nígbà náà kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó ni ín sílẹ̀, kí ẹni tó bá ṣe é tàbí tó gbé e fún ẹlòmíràn sì san owó orí 200 dọ́là. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ìjọba wọn yọ àwọn ìbọn àtijọ́ kan kúrò lábẹ́ ìdè yẹn, àwọn Mauser kan àti àwọn Luger kan wà lára wọn, bí ìdí tó bá wọn rìn bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ojúlówó ti wọ́n tó yìí, àwọn tó ń gbẹ́ ayédèrú kò lè ṣàìsí. Wọ́n ń fi igi tuntun gbẹ́ ẹ, wọ́n ń fi ọ̀dà sọ ọ́ di arúgbó, àwọn kan tilẹ̀ ń tẹ nọ́ńbà sí irin rẹ̀ kí ó lè bá ìbọn tó wà lọ́wọ́ wọn mu.

Ẹni tó bá mọ igi kò ní ṣàìrí àṣírí wọn. Igi walnut ni ti ojúlówó, igi tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún a sì ti sún kì díẹ̀, débi pé etí irin a yọ sókè ju etí igi lọ níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Lára ayédèrú, irin àti igi a máa dọ́gba rẹ́rẹ́. Ibi tí àtàǹpàkò ti ń tẹ bọ́tìnnì ọmọrí a máa jẹ ju ibòmíràn lọ. Dúdú tó ti ara ọwọ́ wá kì í dọ́gba: ó máa ń pọ̀ níbi tí ọwọ́ ń dé, ó sì máa ń mọ́lẹ̀ nínú kọ̀rọ̀. Ọ̀dà a máa dúdú níbi gbogbo. Gbogbo àmì wọ̀nyí ni ìfági ń gbé lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ojúlówó fi máa ń dà bí ayédèrú lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Ìdílé Ọ̀yọ́ náà ní ojúlówó lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbé e lọ síwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n lónìí, ẹni náà yóò ṣiyèméjì lé e lórí.

Nítorí náà, mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ní irú igi yìí nílé pé kí ó má ṣe fi sáńpépà kàn án, kí ó má ṣe kùn ún ní fánííṣì, kí ó má sì fi epo rọ̀bì tàbí epo pupa pa á. Aṣọ rírọ̀ tó gbẹ ti tó láti nu eruku rẹ̀. Kí ó má gbé e ka ilẹ̀ tàbí kí ó fi ti ògiri, nítorí ikán. Kí ó má gbé e síbi tí oòrùn ń bá, ní ìgbà ọyẹ́ pàápàá, nítorí pé igi tó gbẹ lójijì ni ó ń là. Bí ìyẹ̀fun igi bá ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò wà nínú rẹ̀, kí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn igi yòókù nínú ilé. Ìpẹtà tó wà lára irin kò gbọdọ̀ rí fáìlì. Ohun tí àwọn àgbà bá mọ̀ nípa rẹ̀, orúkọ ẹni tó mú un wá, ibi tó ti mú un wá àti ìgbà tó jẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà kí wọ́n sì fi okùn òwú so ó mọ́ ọn, kí wọ́n má ṣe kọ ọ́ sára igi.

Ti awọ rẹ̀ kó mi lọ́kàn sókè ní ọ̀nà mìíràn. Mauser àti Luger méjèèjì ní awọ tó ń gbé ìdí wọn kọ́ ìgbànú, tó tún ní àpò kékeré fún irinṣẹ́ ìtọ́jú ìbọn, awọ náà ló sì kọ́kọ́ máa ń jẹ. Ìlú Ọ̀yọ́ kún fún àwọn oníṣọ̀nà awọ tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun, tí wọ́n mọ bí a ṣe ń gé awọ, bí a ṣe ń rán an, àti bí a ṣe ń gbẹ́ ọnà sí i lára. Mo rò ó pé bí ìdílé kan bá fẹ́ kí ohun ìní wọn lẹ́wà ní pálọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣọ̀nà wọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n lọ, kí wọ́n ní kí ọ̀kan nínú wọn ṣe awọ tuntun tí yóò máa gbé igi náà kọ́, èyí tí a lè bọ́ kúrò lára rẹ̀ nígbàkígbà láìsí ìṣó àti láìsí gọ́ọ̀mù. Awọ àtijọ́ tó bá ṣẹ́ kù, bó ti wù kí ó ti gbó tó, kí wọ́n dì í sínú aṣọ kí wọ́n sì fi í pamọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀yọ́ yóò hàn, ohun àtijọ́ kò sì ní fara gbá a.

Ó ku ti òfin, èyí tí ìwé ìròyìn yín kò mẹ́nu kàn rárá, tó sì yẹ kí àwọn òǹkàwé mọ̀. Òfin ohun ìjà ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1959, ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ, kò sì yọ ti àtijọ́ tí a ń fi ẹ̀tù kì sílẹ̀. Òfin náà tún ka ẹ̀yà ara ìbọn mọ́ ìbọn. Ẹni tó bá rí ìbọn nínú ẹrù bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ tú u, kò sì gbọdọ̀ gbé e rìn ní ìgboro. Kí ó fi í sílẹ̀ síbi tó wà, kí ó sì pe ọlọ́pàá wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé tó ní igi nìkan, tí kò sí ìbọn kankan pẹ̀lú rẹ̀, wà láàárín ìbẹ̀rù àti ìfẹ́ ohun ìní wọn, ìbẹ̀rù yìí sì wà lára ohun tó ń mú kí àwọn kan sun ún nínú iná, tí àwọn mìíràn sì fi ń fá a títí kò fi ní jọ ohun ogun mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè nìyí, mo sì bẹ ẹ̀yin olóòtú pé kí ẹ bá mi gbé e dé iwájú àwọn tó kàn. Kí àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà àti àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jọ sọ fún gbogbo ènìyàn, ní èdè Yorùbá, bí ìdílé tó ní ìdí ìbọn àtijọ́ tí kò ní ìbọn ṣe lè fi í hàn láìsí pé wọ́n mú ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n yan òṣìṣẹ́ kan ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ìbàdàn tí yóò ya àwòrán rẹ̀, tí yóò kọ nọ́ńbà àti òǹtẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì gba ìtàn ìdílé náà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní tirẹ̀, kí wọ́n fún un ní ìwé tí orúkọ ìdílé rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí òfin bá sì gbà láyè láti fi tirẹ̀ sílé, kí wọ́n fún un ní ìwé tí yóò lè fi han ọlọ́pàá tó bá béèrè. Ìdílé Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo sọ̀rọ̀ wọn ti sọ fún mi pé àwọn ṣe tán láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wá, bí ẹnikẹ́ni bá lè sọ ibi tí wọn yóò wá sí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ igi tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́.